Ṣé ọlọ́pàá lè gba fóònù ẹni kó máa kà á?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ n'Íbàdàn, ni àwọn ọlọ́pàá bá dá mọ́tò wọn dúró. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ní kó ṣí i, wọ́n sì rí ibi tó ti bú gómìnà nínú gúrúùpù WhatsApp kan. Wọ́n ní ẹ̀sùn sáíbà nìyẹn, ni wọ́n bá gbé e lọ sí àgọ́ wọn. Ìgbà tí mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí wọ́n fún mi ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ṣé òfin fún wọn láṣẹ ohun tí wọ́n ṣe yìí? Ẹ̀rù ti ń bà mí láti sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí. Ṣé ìjọba ń gbọ́ wa ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, ẹ sì kú àdánù owó. Rárá, òfin ò fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ààbò bo ilé ọmọ ìlú, ìwé tó ń kọ ránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Kódà, wọ́n dárúkọ tẹligíráàmù ayé àtijọ́ mọ́ ọn. Abala 45 gbà pé òfin lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú tàbí nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òfin ló pè é, kò pè é ní ohun tó bá wu ọlọ́pàá lójú títì. Òfin tí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ àbúrò yín, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: kó lọ bá adájọ́, kó sọ ìdí rẹ̀, kó gba ìwé àṣẹ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà ní kí wọ́n ní ìdí pàtó kí wọ́n tó yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Irun dídì tàbí aṣọ tí èèyàn wọ̀ nìkan kì í ṣe ìdí. Usman Baba, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, kìlọ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé yẹ fóònù àwọn èèyàn wò bẹ́ẹ̀.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́nà, torí ọ̀pọ̀ ló ti wá rò ó fún mi. Ọlọ́pàá á ṣí WhatsApp, á tẹ "client" tàbí "dollar" sí ibi tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ní kí wọ́n ṣí áàpù báńkì kóun wo iye tó wà níbẹ̀. Tó bá ti débẹ̀ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀daràn ni wọ́n ń wá mọ́.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé àṣẹ adájọ́ wà lọ́wọ́ yín?" Bí wọ́n bá yarí, kó má bá wọn jà o. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Fóònù tí èèyàn ṣí nítorí ìbẹ̀rù kì í ṣe fóònù tó yọ̀ǹda, a ṣì lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Kó wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà wọn, nọ́ńbà mọ́tò wọn, àti aago tó lù. Bí wọ́n bá gbé e dé àgọ́, kò pọn dandan kó kọ sítétíméǹtì kankan kó tó rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, bí wọn ò bá ti fi í sílẹ̀. Lápá ibi tí ẹ wà yẹn, kò síbi tí ilé ẹjọ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ti gómìnà tó bú ńkọ́? Lóòótọ́, abala 24 òfin 2015 yẹn gbòòrò tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá kan bí èèyàn nínú tàbí tó jọ èébú lè di ẹ̀sùn. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sọ ní 2022 pé abala náà kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ tún un ṣe: ó di kí ẹni náà mọ̀ pé irọ́ lòun ń kọ, kó sì kọ ọ́ láti fi da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. (Ti àwòrán ìhòòhò wà níbẹ̀ lọ́tọ̀.) Kí èèyàn pe gómìnà ní ọ̀lẹ kò sí nínú rẹ̀. Bí àbúrò yín bá purọ́ mọ́ ọn pé ó jalè, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn lè dà, ó sì yàtọ̀ sí ti sáíbà.

Ní ti pé ṣé ìjọba ń gbọ́ yín: wọ́n lágbára láti gbọ́, òfin sì fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ fóònù gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó pe ẹni àti ìgbà tó pè é fún ọdún méjì. Láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìlànà tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, gbé jáde ní 2019 ní kí àwọn agbófinró gba àṣẹ adájọ́. Ṣùgbọ́n ihò kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀mí wà nínú ewu tàbí pé ọ̀rọ̀ kan ààbò orílẹ̀-èdè, wọ́n lè kọ́kọ́ máa gbọ́, kí wọ́n wá lọ tọrọ ìwé àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ẹni tó ti jẹ oúnjẹ tán ló ń tọrọ àyè láti jẹ ẹ́ yẹn. Ta ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kan ààbò orílẹ̀-èdè? Àwọn náà ni.

Ìdí tí mo fi ń ráhùn ni pé a ti rí ohun tí wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn ṣe. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba Buhari ti Twitter pa, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Oṣù keje ọdún náà ni Ilé Ẹjọ́ ECOWAS tó dájọ́ pé kò bófin mu. Ilé ẹjọ́ fún Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò tẹ́lẹ̀, ní bélì léraléra, síbẹ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ò fi í sílẹ̀ títí di òpin 2019. Nítorí náà, mi ò ní tàn yín pé ìwé adájọ́ máa ń dá wọn dúró nígbà gbogbo. Síbẹ̀, òun ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní láti ṣàlàyé bí wọn ò bá ní in.

Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ àbúrò yín lọ sílé ẹjọ́ gíga lábẹ́ abala 46, kò sì sí iye ọdún tí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fi ń kú. Bí owó lọ́yà bá ṣòro, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá ẹni tí kò lówó gba ẹjọ́ rò. Ẹ sì lè kọ̀wé sí National Human Rights Commission, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba, wọn kì í gbowó. Bélì ọ̀fẹ́ ni, ara ògiri àgọ́ wọn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ má pa álẹ́ẹ̀tì báńkì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin yẹn rẹ́ lórí fóònù yín. Ẹ tẹ rìsíìtì rẹ̀ jáde, torí orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà wà lórí rẹ̀, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà yín máa béèrè.