Òkè Kírìjì: ìgbà wo ló yẹ ká gùn ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni wá ní Iléṣà níbí. A fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ wo ojú ogun Kírìjì ní Ìmẹ̀sí-Ilé nínú ìsinmi Kérésìmesì. Ẹnìkan ní ká má lọ nígbà ọyẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni o. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ kí oṣù Bélú tó dájí. Ohun tí ẹ ń lọ wò ni àlàfo tó wà láàárín òkè sí òkè: Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, pàgọ́ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ. Bí ọyẹ́ bá ti mú, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo òkè kejì mọ́lẹ̀. Tó bá wá di Ṣẹ́rẹ́ sí Èrèlé, èéfín igbó tí wọ́n ń sun á tún kún un.

Láti ìparí Ọ̀wàrà sí àárín Bélú ló dára jù. Òjò ti fọ ojú ọ̀run, ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Àmọ́ koríko á ga, wèrèpè náà á ti máa gbẹ. Kí gbogbo ọmọ wọ ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn. Bí wèrèpè bá ba ẹnikẹ́ni, kó má ha ara o, híha ló ń tì í wọnú awọ. Ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á kúrò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fomi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró wo òkè méjèèjì dáadáa kí ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Wọ́n á rí ìdí tí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 kò fi ní olúborí: ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní láti pọ́nkè padà lójú ìbọn. Ìbàdàn ti mọ ogun jíjà tipẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn Snider, tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Inú àgọ́ Ìbàdàn ni Ààrẹ Látòósà, olórí wọn, kú sí lọ́dún 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 1886, síbẹ̀ 1893 ni àgọ́ tó tú. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ Iléṣà mọ orúkọ Ògèdèǹgbé, tí wọn ò sì tíì fojú kan ilẹ̀ tó ti jà.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò ni mo fẹ́ lọ yà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Oṣù Igbe ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ojú ọjọ́ á mọ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ewé tuntun á sì ti yọ, fọ́tò á dùn ún wò. Ewu ibẹ̀ ni ìjì ọ̀sán. Ẹ tètè kúrò ní Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di agogo méjìlá. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun tó wà lójú ọ̀nà máa ń yí mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá ń sọ̀. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹ jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó wà níwájú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò dáa. Lítà omi méjì tó ẹnìkan.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè ṣa àwókù ìkòkò tàbí ọta tí a bá rí?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ibi tí nǹkan wà gan-an ló ń sọ ibi tí wọ́n ti dáná, ibi tí wọ́n ti yìnbọn. Ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó mú yín lọ. Ààfin Ìmẹ̀sí-Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, ibẹ̀ ni wọn á ti fún yín ní ẹni tó mọ ọ̀nà.