Ọjọ́ orí ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ohun tí ẹ kọ, pé wọ́n mú ọmọ yín, ọmọ ọdún 16, lórí ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n jí, àti pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ ní kí ni kí ẹ ṣe. N kò rí oorun sùn lálẹ́ àná, torí èmi náà ti dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, ní Èkó níbí, lọ́dún 2018.

Ẹ wá ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde lónìí. Ọmọ ọdún 15 ni tèmi nígbà tí wọ́n kó òun àtàwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa. Nígbà tí mo máa rí ìwé ẹ̀sùn, 19 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. 19 yẹn ló gbé e dé kóòtù àwọn àgbà, tí wọ́n fẹ́ tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn tó tó bí i lọ́mọ. Mo sunkún, mo pariwo pé ọmọ kékeré ni, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yọ wá. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo ti rí i, etí rẹ̀ ti ya, omi ti pa àwọn ìlà kan rẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bí i ṣì hàn ketekete lábẹ́ òǹtẹ̀ ọsibítù. Májísíréètì wò ó, ó wo ojú ọmọ náà, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìdílé, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, wọn kò gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n. Tí wọ́n bá sì ti mú un, kíá ló yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ sí òbí. Tèmi, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ló wá sọ fún mi.

Ẹ má lọ yá owó èlé nítorí lọ́yà. Ọ́fíìsì OPD (Office of the Public Defender) ti ìjọba Èkó ń gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò ní. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ má gbà pé òun jẹ̀bi kó tó rí lọ́yà. Ẹnì kan sọ fún wa ní àgọ́ ọlọ́pàá pé tó bá ti gbà, á parí kíá. Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ní kóòtù ìdílé, wọn kì í jẹ́ kí èrò wọlé, wọn kì í gba oníròyìn láyè, nítorí náà ẹ má kó ẹbí rẹpẹtẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mú bàbá rẹ̀ dání. Ọkọ mi kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ọmọ ti dójú ti òun. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé tirẹ̀ ni, kó dìde. Ẹni méjì jókòó ti májísíréètì, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Wọ́n bi ọmọ mi ní ìbéèrè, mo dáhùn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin yẹn gbọ́wọ́ sókè: “Ìyá, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

Àwọn wẹ́fíà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, máa wá sílé yín, wọ́n á kọ ìròyìn fún kóòtù. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Mo fẹ́ fi pa mọ́ pé ọmọ mi ò lọ síléèwé fún odidi táàmù kan torí owó. Ọmọ mi ló sọ ọ́. Obìnrin wẹ́fíà náà kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni májísíréètì dì mú: kó padà síléèwé, kí wẹ́fíà máa mójú tó o láti ilé. Wọ́n sún ẹjọ́ wa síwájú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀, nítorí náà ẹ fi sùúrù àti oúnjẹ sínú báàgì.

Tí wọ́n bá mú un wọlé, ojú yín ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹ jókòó síbi tó ti lè rí yín, ẹ má bá a wí níbẹ̀. Bàtà òsì méjì ni tèmi wọ̀ wọlé, tẹni ẹlẹ́ni. Ẹ mú bàtà rẹ̀ dání.