Ajá ti kú, owó dókítà ṣì wà nílẹ̀

Ẹ ní ajá ọ̀rẹ́ yín kú, gbèsè ilé ìwòsàn ẹranko sì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ kí ojú tì í. Mo ti wà nípò ọ̀rẹ́ yín yẹn rí, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Parvo, àrùn kòkòrò kan tó ń bá ìfun ajá jà, ló pa ajá mi, kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ. Ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ń bì, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. Ìtọ́jú àrùn yìí, ká gbé ẹ̀mí ajá ró ni títí ara rẹ̀ á fi borí: wọ́n á máa fa omi sí i lára tọ̀sán-tòru, wọ́n á fún un lóògùn èébì, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí èyí tí kì í ṣe owó nínú rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń gorí ara wọn. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n pè mí pé ó ti lọ.

Tí ajá bá yè, èèyàn á rójú san gbèsè rẹ̀, torí bó ti ń san án, ajá ń ju ìrù níwájú rẹ̀. Tèmi, bí mo bá ti ṣí ìwé owó yẹn, orúkọ ajá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí lókè. Lẹ́yìn náà ni omi, abẹ́rẹ́, ibùsùn ọjọ́ kìn-ín-ní, ibùsùn ọjọ́ kejì, títí dórí owó tí wọ́n fi dáná sun òkú rẹ̀. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo tì í sábẹ́ abọ́ omi rẹ̀ tí mi ò tíì lè gbé kúrò nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò ríran rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi, ó rí etí ìwé náà lábẹ́ abọ́. Kò bi mí pé kí ni kí òun ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má bi í, torí ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í mọ èsì ìbéèrè yẹn. Ohun tó sọ ni pé, “Ṣé o gbà kí n bá wọn sọ̀rọ̀?” Mo ní mo gbà. Mo pe ilé ìwòsàn lójú rẹ̀, mo sọ fún wọn pé ó lè gbẹnu sọ fún mi, torí wọn kì í sábà tú fáìlì ẹni fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó ń rí sí owó níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe dókítà. Ó ní kí wọ́n kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ó sì bi wọ́n bóyá a lè máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọ́n kọ owó ibùsùn ọjọ́ kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé ajá ti kú lọ́jọ́ karùn-ún. Àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́ ni, wọn ò jiyàn, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi ò bá má rí i láé.

Ó wá san ìwọ̀n tágbára rẹ̀ ká tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn, ó kọ orúkọ ajá àti nọ́ńbà fáìlì sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní èmi ló fi owó yẹn ránṣẹ́ sí ni, mi ò ní purọ́ fún yín, gbèsè mìíràn tó ń pariwo jù ú lọ ni mi ò bá fi san. Bó sì ṣe ṣe é, mi ò na ọwọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tó ṣe, owó ò sí níbẹ̀: ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ajá ti kú. Ṣáájú ìgbà yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé sórí fóònù mi níbi iṣẹ́ pé ó ti tó àsìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Mo ní láti jáde síta.

Ẹlòmíràn náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó gbé fọ́tò ajá mi àti iye tí mo jẹ sórí WhatsApp kí àwọn èèyàn dá owó jọ, láì bi mí. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè bá a wọlé: ṣé kò gba abẹ́rẹ́ ni? Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọmọ ajá ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n á máa tún un gbà títí á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ó kéré tán. Mo mọ̀ pé mo fo ọ̀kan. Kò sóru tí mi ò rántí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dá owó jọ, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ọ̀rẹ́ yín fúnra rẹ̀ yan ẹni tó máa gbọ́.

Tó bá ní ìnsọ́ránsì lórí ajá náà, ẹ bá a wo ìwé rẹ̀ kíákíá. Ikú ajá kì í sábà pa owó ìtọ́jú tó ti gbà tẹ́lẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi gbèdéke sí ìgbà tí èèyàn lè béèrè. Kí ẹ sì pinnu kẹ́ ẹ tó lanu bóyá ẹ̀bùn ni owó tí ẹ fẹ́ fún un tàbí ẹ̀yáwó.

Tó bá jẹ́ parvo ló pa tirẹ̀ náà, ẹ má ra ọmọ ajá wá fún un o. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ilé fún oṣù púpọ̀, ọṣẹ lásán kì í pa á. Ọ̀rẹ́ mi fọ ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀ ná, ó po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n ọgbọ̀n, ó dà á sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣàn án. Nígbà tó kan abọ́ omi, ó wojú mi. Mo ní kò tíì yá. Ó fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì dá a padà síbi tó wà.