Pointer tí gethostbyname fún ẹ, yíyá ló yá ẹ

Àbúrò, tí mo bá gbọ́ ẹ yé, nínú program C ẹ, o pe gethostbyname, fọ́ńṣọ̀n tó ń fi orúkọ sáfà wá àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, fún sáfà àkọ́kọ́, o fi pointer tó fún ẹ (ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí èsì wà nínú mẹ́mórì) pamọ́, o tún pè é fún sáfà kejì, o wá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì síta, nọ́ńbà kan náà ló jáde bíi pé inú ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé. O tún ní nígbà míì program náà á kàn dúró gbagidi, kò ní kú, kò ní sọ nǹkan kan, tó bá ṣe díẹ̀ á tún máa lọ. Jọ̀ọ́ má bínú o, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á, ara mi ni mò ń rín, torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyà yìí kan náà fi jẹ mí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. struct hostent, àpò èsì tí gethostbyname ń fún ẹ yẹn, ìwọ kọ́ lo ni ín. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, inú library ló gbé e sí, gbogbo ìgbà tó o bá sì tún pè é ló lè pa tàtijọ́ rẹ́ kó kọ tuntun sójú ibẹ̀. Wàláà kan ni. O ní pointer méjì lóòótọ́, àmọ́ wàláà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí, ohun tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀ kẹ́yìn ni wàá bá níbẹ̀.

Èmi DNS, ètò tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́ẹ̀sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo tiẹ̀ lọ bá ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi iṣẹ́ wa nígbà yẹn, mo fajú ro, mo ní nǹkan ẹ̀ ti bà jẹ́, ẹ̀gbọ́n yẹn ò bá mi jiyàn rárá, ó kàn tẹ dig, àṣẹ tó ń bi DNS ní ìbéèrè, lẹ́ẹ̀mejì, àdírẹ́ẹ̀sì méjì tó yàtọ̀ síra jáde, ó wò mí lójú, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ojú tì mí. Mo wá lọ ka man page, ìwé ìtọ́ni fọ́ńṣọ̀n náà, mo rí ibi tí wọ́n ti sọ pé static ni èsì ẹ̀, ìyẹn wàláà kan ṣoṣo yẹn, mo ní ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi, mo fi memcpy, tó ń ṣe ẹ̀dà mẹ́mórì, kó in_addr àkọ́kọ́, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì gan-an, sínú variable tèmi kí n tó pe ìkejì. Mo run ún. Àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ló tún jáde! Ṣé o mọ ohun tó fà á? inet_ntoa ni, fọ́ńṣọ̀n tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì di ọ̀rọ̀ tó ṣeé tẹ̀ síta. Òun náà ní wàláà tiẹ̀, mo sì pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú printf kan ṣoṣo, kí printf tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan, ọ̀kan ti pa ìkejì rẹ́. Lọ wo kóòdù ẹ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí àìsàn méjèèjì wà lára ẹ̀ bíi tèmi. inet_ntop ni kó o máa lò, ìwọ fúnra ẹ lo máa gbé buffer, àyè mẹ́mórì tó máa kọ èsì sí, fún un, INET6_ADDRSTRLEN sì ni kó o fi wọn buffer náà, 46 ni, ó gba àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 (oríṣi àtijọ́) ó sì gba IPv6 (oríṣi tuntun).

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tó yá mo fi thread, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sínú program yẹn kó lè máa yẹ sáfà púpọ̀ wò pọ̀, mo ní ṣebí memcpy ti wà níbẹ̀, ewu kò sí. Ewu ń bẹ o! Kí thread kan tó parí memcpy ẹ̀, thread míì ti kọ tiẹ̀ sórí wàláà. Lórí kọ̀ǹpútà mi kò ṣẹlẹ̀ rí, níbi iṣẹ́ ó ń ṣẹlẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní kú, kò ní pariwo, á kàn lọ máa bá sáfà oní-sáfà sọ̀rọ̀. Kí program kú sàn lójú mi ju irú èyí lọ. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé kó o lo gethostbyname_r, irú èyí tí ìwọ fúnra ẹ á gbé buffer fún. Mo lò ó. Lórí Linux argument 6 ló ń gbà, lórí Solaris 5 ni, ìyẹn ni pé wàá kọ nǹkan kan náà lọ́nà méjì, wàá fi ifdef dá wọn sí méjì, nítorí fọ́ńṣọ̀n tí gethostbyname tó jẹ́ bàbá ẹ̀ ti kúrò nínú POSIX, ìlànà tí àwọn Unix ń tẹ̀ lé, láti 2008. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

getaddrinfo, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ni kó o lò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní nǹkan tuntun mọ́, ó ti wà nínú RFC 2553 (ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) ní 1999, ó sì wọ POSIX ní 2001. Ìpè kọ̀ọ̀kan ló ń gba mẹ́mórì tiẹ̀ lọ́tọ̀, thread kan ò ní tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ tèmi nìyí:

```c
struct addrinfo hints, *res, *p;
int rc, fd = -1;

memset(&hints, 0, sizeof hints);
hints.ai_family = AF_UNSPEC;      /* IPv4 tàbí IPv6, èyí tó bá wà */
hints.ai_socktype = SOCK_STREAM;

rc = getaddrinfo(host, "443", &hints, &res);
if (rc != 0) {
    fprintf(stderr, "%s: %s\n", host, gai_strerror(rc));
    return -1;
}
for (p = res; p != NULL; p = p->ai_next) {
    fd = socket(p->ai_family, p->ai_socktype, p->ai_protocol);
    if (fd < 0) continue;
    if (connect(fd, p->ai_addr, p->ai_addrlen) == 0) break;
    close(fd);
    fd = -1;
}
freeaddrinfo(res);
```

Má fo memset yẹn, òun ló ń sọ gbogbo inú hints di òdo. Mo fò ó nígbà kan, program ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejì ó ní "Bad value for ai_flags", ìdọ̀tí tó wà nínú hints látilẹ̀ ló ń kà. Tó ò bá sì sọ ai_socktype, lórí Linux wàá rí àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta fún oríṣi socket mẹ́ta, ti STREAM, ti DGRAM àti ti RAW, wàá rò pé ojú ẹ ló ń ṣe méjì-méjì.

Loop yẹn, jọ̀ọ́, má gbé res nìkan kó o sá lọ. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní tàkọ́kọ́ tó, kí ni mo fẹ́ fi ìyókù ṣe. Sáfà kan wà tó ní IPv6 àti IPv4, ti IPv6 ló ṣáájú nínú list, níbi tí wọ́n gbé program mi lọ IPv6 wà lára kọ̀ǹpútà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò já síbì kankan, ni connect bá ń dúró de ẹni tí kò ní dé láé. Àdírẹ́ẹ̀sì tó dáa wà nísàlẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, n ò kàn wò ó ni. Àti pé res ni kó o fún freeaddrinfo, kì í ṣe p, p ti rìn lọ. Tó o bá fẹ́ tọ́jú àdírẹ́ẹ̀sì kan pamọ́ lẹ́yìn náà, memcpy ai_addr sínú sockaddr_storage kó o tó free, torí lẹ́yìn freeaddrinfo pointer yẹn ti di òkú, mo ti bá òkú yẹn sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ́rọ̀ ńkọ́, perror, tó ń tẹ ẹ́rọ̀ tó wà nínú errno síta, kọ́ ni wọ́n ń lò. Mo lò ó, ó tẹ "Success" fún mi, orúkọ ò rí àdírẹ́ẹ̀sì, ó ní Success! getaddrinfo kì í fi ẹ́rọ̀ sínú errno, nọ́ńbà tó dá padà gan-an ni kó o gbé fún gai_strerror, àfi tó bá jẹ́ EAI_SYSTEM, ìgbà yẹn ni wàá wá wo errno. EAI_NONAME túmọ̀ sí pé kò rí orúkọ yẹn, EAI_AGAIN ní tiẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ò dáhùn, dúró díẹ̀ kó o tún gbìyànjú. Mo ti rí kóòdù tó ń pa orúkọ rẹ́ kúrò nínú list ẹ̀ torí EAI_AGAIN ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ta ló kọ ọ́, ẹ má bi mí.

Ó ku ti dídúró gbagidi yẹn o. getaddrinfo ò ní gbà ẹ́ lọ́wọ́ ìyẹn, òun náà máa ń dúró, kò sì sí ibi tó o ti lè sọ fún un pé sẹ́kọ́ńdì báyìí ni mo fún ẹ. Inú /etc/resolv.conf, fáìlì tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe máa bi DNS, ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, glibc, library C ti Linux, máa ń dúró sẹ́kọ́ńdì 5, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, torí náà nameserver (sáfà tó ń dáhùn ìbéèrè DNS) kan ṣoṣo tó ti kú á mú kí program ẹ dákẹ́ fún bíi sẹ́kọ́ńdì 10. Èmi thread kan lọ́tọ̀ ni mo gbé iṣẹ́ orúkọ fún, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. O lè kọ options timeout:1 sínú fáìlì yẹn tó bá jẹ́ ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà náà, àmọ́ gbogbo program tó wà lórí ẹ̀ ló máa kàn.

Má sì fi dig yẹ̀ ẹ́ wò bíi ti ẹ̀gbọ́n yẹn, ó gbè é lọ́jọ́ yẹn ni. dig kì í ka /etc/hosts, fáìlì orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, kì í wo /etc/nsswitch.conf, tó ń sọ ibi tí wọ́n á kọ́kọ́ wá orúkọ, nameserver ló máa ń lọ bá tààrà, program ẹ sì máa ń ka àwọn fáìlì yẹn. Mo ti rí i tí dig sọ ọ̀kan, program sọ òmíì, ó di pé ẹnì kan kọ ìlà kan sínú /etc/hosts ó sì gbàgbé. Àṣẹ getent ahosts ló ń gba ọ̀nà tí program ẹ ń gbà.

Ó ku kékeré kan: tí compiler bá ní òun ò mọ bí hints ṣe tóbi tó, -std=c99 lo lò. Lo -std=gnu99, tàbí kó o kọ #define _POSIX_C_SOURCE 200112L sókè pátápátá kí include kankan tó dé.

Yí kóòdù yẹn padà ná. Tó bá ṣì ń dákẹ́, kọ time, àṣẹ tó ń sọ bó ṣe pẹ́ tó, síwájú getent ahosts pẹ̀lú orúkọ sáfà náà, ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kó o sì gbé ohun tó tẹ̀ jáde wá pẹ̀lú resolv.conf ẹ, ká jọ wò ó.