Ṣé Kí N Fi Ẹran Elk Sílẹ̀ Nínú Yìnyín Mọ́jú?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Texas ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti san àsansílẹ̀ fún amọ̀nà tó máa mú wa lọ ṣọdẹ elk, ẹran igbó ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, nínú igbó orí òkè ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ní Amẹ́ríkà níbí, lóṣù Kẹwàá. Ọmọ ọdẹ ni mí. Àwọn bàbá wa kì í bó awọ ẹran, iná ni wọ́n fi ń sun irun rẹ̀. Mo sọ fún amọ̀nà pé tí mo bá pa á nírọ̀lẹ́, ká fi í sílẹ̀ lódindi nínú yìnyín títí ilẹ̀ á fi mọ́, yìnyín á ṣe bíi fírísà, ká wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, ojú ẹsẹ̀ lòun máa bó o, tóun máa kun ún. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ nínú ẹran mi? Àbí àwa tá a sanwó kọ́ ló yẹ ká pàṣẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀nà yín ló jàre. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí ẹran yín. Gbogbo ìgbà tí àsìkò ọdẹ bá ti ń sún mọ́ ni wọ́n máa ń kọ irú lẹ́tà yìí sí mi, ọ̀rọ̀ "yìnyín á ṣe bíi fírísà" yìí sì ti ń sú mi. Dókítà ẹranko ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ká kọ́kọ́ mú ti gbígbé lódindi kúrò ńlẹ̀. Elk kì í ṣe ìgalà. Akọ tó ti dàgbà lè wọn 300 kilo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí igbó tí ẹ ń lọ bá wà lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1964, irú bíi Teton Wilderness, mọ́tò ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, alùpùpù ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn, ẹṣin àti ìbaaka ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìbaaka méjì ló sábà máa ń gbé ẹran akọ elk kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun ún tán. Irú igbó yìí náà ni òfin Wyoming ní kí àlejò má dá wọ̀ lọ pa elk láìsí amọ̀nà tó níwèé àṣẹ, tàbí ará ìpínlẹ̀ náà tó gbàwé àyè láti sìn ín lọ láìgbowó. Ẹ̀yin ará Texas náà wà lára àlejò tí wọ́n ń wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ooru, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tó ń ba ẹran jẹ́ lálẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ooru ìta, ooru tó wà nínú ẹran fúnra rẹ̀ ni. Bí elk ṣe ṣubú yẹn, ara rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 38 tàbí 39 Celsius. Ẹran tá a fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 4. Ibo lẹ fẹ́ kí ooru yẹn gbà jáde? Awọ rẹ̀ nípọn. Irun tó bò ó nígbà òtútù ní ihò nínú, afẹ́fẹ́ ló sì kún ihò náà, òun ló ń jẹ́ kí elk lè dùbúlẹ̀ sórí yìnyín mọ́jú láìgbọ̀n. Kíkú tó kú ò ní kí irun náà fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ronú ìrẹsì àríyá tí wọ́n dé mọ́ inú kúlà láàárọ̀, tó ṣì ń gbóná títí ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá gbé kúlà yẹn sínú yìnyín, ṣé ìrẹsì inú ẹ̀ á tètè tutù? Bí yìnyín bá tún wá rọ̀ bo ẹran náà, aṣọ ìbora kejì lẹ fún un yẹn. Elk sì ń jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù: koríko ikùn rẹ̀ ò yéé hó lẹ́yìn ikú, ó ń mú ooru wá, ikùn á sì máa wú.

Itan ló ń jìyà ẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ lẹran ti ki jù, egungun ńlá sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ lè jí láàárọ̀ kẹ́ ẹ rí i tí yìnyín bo irun, tí etí àtẹsẹ̀ ti gan, kẹ́ ẹ máa rò pé gbogbo ẹ̀ ti dì. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀: ẹ ó bá a tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ti ọ̀bẹ dé oríkèé ibi tí itan ti so mọ́ ìbàdí, òórùn kíkan á kọlu imú yín, ẹran ẹ̀bá egungun á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó ní àwọ̀ ewé, á sì máa yọ̀. Láti òde, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ọtí kíkan àti ata fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sè é jẹ, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń tú oró sílẹ̀ tí sísè ò lè pa.

Mi ò bú àwọn bàbá wa o. Ohun tí wọ́n ń ṣe bá ẹran tiwọn mu. Ẹtu kì í sábà ju kilo 10 lọ, ọ̀yà tiẹ̀ tún kéré sí i. Ooru ń tètè kúrò lára ẹran kékeré, wọ́n sì máa ń là á yọ ìfun, kí wọ́n gbé e sórí iná kó tó pẹ́. Èéfín á gbẹ ẹ́. Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún 300 kilo nínú òkùnkùn lórí òkè.

Amọ̀nà yín á dá a fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á la awọ gba ẹ̀yìn, á bó o sísàlẹ̀, á gé apá, itan, ẹran ẹ̀yìn àti ẹran ọrùn, á yí i padà, á ṣe ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ la ikùn títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Inú àpò aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni wọ́n ń kó ẹran sí, wọ́n á gbé e kọ́ sábẹ́ ibòji. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá wé ẹran tó ṣì gbóná. Bẹ́ ẹ bá rí i tó fi nǹkan ọkùnrin ẹran náà sílẹ̀ lára itan kan, ẹ má gé e dànù, òfin lè béèrè ẹ̀rí pé akọ lẹ pa. Wọ́n á tún gbé ẹran náà jìnnà síbi tí ìfun wà, nítorí grizzly, béárì ńlá, pọ̀ ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Wyoming, òórùn ẹ̀jẹ̀ ló sì ń tọ̀ wá. Òun ló máa kọ́kọ́ kí odindi ẹran tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ káàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ awọ, ẹ ní kó yí i fún yín lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ da iyọ̀ sí i. Ó wúwo, ó sì lè gba owó lé e.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò bi mí: àìsàn kan wà tó ń jẹ́ CWD (chronic wasting disease), tó ń ba ọpọlọ elk àti àgbọ̀nrín jẹ́, ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára àgbọ̀nrín ní Fort Collins, Colorado, ó sì ti dé Wyoming. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ti ran èèyàn, ṣùgbọ́n sísè ò pa á. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹran yín wò kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, bí èsì bá sì sọ pé ó ní in, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má gbé orí tàbí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ Texas láìkọ́kọ́ béèrè òfin.

Èmi ò sí lórí òkè pẹ̀lú yín, òfin sì ń yí padà, torí náà Wyoming Game and Fish Department ni kẹ́ ẹ bi fún ti ọdún yìí. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi amọ̀nà yín nìyí: ìbaaka mélòó ló ní, ṣé àpò aṣọ wà nílẹ̀, wákàtí mélòó ni ẹran máa lò kó tó dé fírísà, ta ló sì máa wà á débẹ̀? Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.