Kí màmá yín tó gba owó gbómúlélántà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní màmá yín fẹ́ gba owó gbómúlélántà, ìyẹn owó táwọn ayánilówó kéékèèké máa ń yá àwọn oníṣòwò lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, fi kún ọjà gaàrí wọn, ẹ fetí sí mi dáadáa, torí èmi náà ti gba owó yẹn, mo san án tán, mo tún padà lọ gbà á. Kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní tálákà ò mọ owó tọ́jú lóhùn ná. Obìnrin tó ń dá 500 fún alájọ lójoojúmọ́, alájọ á mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, ṣé ìyẹn ò mọ owó tọ́jú? Ó ń tọ́jú owó, ó tún ń sanwó torí pé ó tọ́jú ẹ̀. Olówó tó kó tiẹ̀ sí báńkì, èlé ni wọ́n ń fún òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 100,000 ni wọ́n fẹ́ yá màmá, wọ́n á kọ́kọ́ yọ bíi 10,000 pé sééfìn, owó ìfipamọ́, ni, owó fọ́ọ̀mù tún wà lọ́tọ̀, wọ́n á wá ní kí màmá máa san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìyẹn di 120,000. Èèyàn á gbọ́ pé èlé ẹ̀ ò ju 20,000 lọ, á ní kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni sísan ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta màmá ti dá bí ìdajì padà, síbẹ̀ èlé orí gbogbo 100,000 ni wọ́n ṣì ń san. Tẹ́ ẹ bá wo owó tó wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, èlé ẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ lọ́dún. Ní November 2024, ìdá 27.5 nínú 100 lọ́dún ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé tiwọn dé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń pariwo pé ó ti pọ̀ jù! Ta ló wá ń bá ìyá aláta pariwo?

Èyí tó dùn mí jù ni ìjókòó ìpàdé tá a ti ń san owó yẹn. Tẹ́nì kan nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ jọ yáwó ò bá rí tiẹ̀ mú wá, gbogbo yín lẹ máa jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi dá a fún un, ọjà yín wà níta, oòrùn ń pa á. Ọmọ ẹnìkan nínú wa wà lọ́sibítù nígbà kan, a dá owó ẹ̀, ojú sì tì í débi pé kò kí wa lọ́jà mọ́.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó ọkọ̀ láti Ṣakí wá sí Bódìjà fò sókè, owó tó yẹ kó ra àpò ẹlùbọ́ mẹ́rin ò ra mẹ́ta mọ́, àmọ́ owó ọ̀sẹ̀ ò dín kọ́bọ̀.

Tó bá jẹ́ ọjà tó ń tà láàárín ọ̀sẹ̀ ni màmá fẹ́ fi owó náà rà, wọ́n lè gbìyànjú ẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dáa jù, wọ́n sábà máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn ní níbẹ̀, èlé ẹ̀ kéré, ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń pín in lópin ọdún. Tí ò bá sí nítòsí, kí màmá dá èsúsù pẹ̀lú àwọn tí ìsọ̀ wọn jọ wà papọ̀, kí wọ́n bẹ àwọn yòókù pé káwọn kọ́kọ́ kó o, ìyẹn ò ní èlé kankan.