Ajá kékeré tó ń ṣa ẹran jẹ: ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè wò ná

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí ajá kékeré tó ń ṣa ẹran inú abọ́ jẹ, tó sì ń fi oúnjẹ oníhóró, ìyẹn oúnjẹ ajá gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú àpò, sílẹ̀. Mo ti ka ìdáhùn àwọn tó ní kí ẹ gbé abọ́ kúrò nílẹ̀, kí ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló fẹ́ gba ajá lọ́wọ́ mi, ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Yorkie ni tèmi, ìran ajá kékeré kan, kò tó kílò 3. Yóò sáré dé ìdí abọ́, yóò gbóòórùn, yóò mú hóró kan sẹ́nu, yóò sì tú u jáde. Tí ó bá jẹ́ ẹran rírọ̀ ni, kíá ló ti gbé e mì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan. Ọ̀gá náà kò dìde lórí àga. Ó ní àkẹ́bàjẹ́ ni ajá yìí, pé kí n gbé oníhóró síwájú rẹ̀, kí n má sì fún un ní nǹkan mìíràn títí yóò fi jẹ ẹ́. Ó tún wá pa òwe lé e: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó gba owó rẹ̀, mo gbé ajá mi, mo lọ.

Ajá kò jẹun. Mo pe ibẹ̀ lórí fóònù, akọ̀wé wọn ní ṣebí dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò kọ́kọ́ ṣe oríkunkun. Nígbà tí ilẹ̀ tún fi máa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń ta gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀mùtí. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ajá ńlá lè febi sùn kó sì jí ire. Irú èyí kò ní ìpamọ́ tó pọ̀ lára tí yóò máa ná, ti ọmọ ajá wọn ló sì burú jù. Dókítà mìíràn tí mo pè ní kí n fi oyin díẹ̀ ra erìgì rẹ̀, kí n má dà á sí i lọ́fun o, kí n sì máa gbé e bọ̀ kíákíá. Nígbà tí wọ́n ti fa ṣúgà sí i lára tán, dókítà kejì yìí, obìnrin ni, gbé ètè ajá sókè. Ohun tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òórùn tó jáde! Eyín ẹ̀yìn kan ti jẹrà dé gbòǹgbò, ọyún wà lábẹ́ rẹ̀, eyín ọmọdé tó yẹ kó ti ká sì há mọ́ àwọn tó hù lẹ́yìn wọn. Eyín 42 ni ajá tó ti dàgbà máa ń ní, ìbáà jẹ́ èyí tó tó màlúù tàbí èyí tó ń wọ inú báàgì, torí náà ẹnu kékeré ni wọ́n ti ń fún pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti ń rí àyè ṣù. Ẹni tó kàwé gboyè lórí ẹranko, tí kò mọ̀ pé àrùn erìgì ń da ajá kékeré láàmú ju ajá ńlá lọ, kí ló wá ń gbowó lé lórí? Wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ eyín náà. Nígbà tí ojú egbò jinná, oníhóró tí wọ́n ní ó ń fi ìgbéraga kọ̀ náà ló ń jẹ.

Nítorí náà, tí ẹnu bá ń rùn, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, tó ń mú oúnjẹ sẹ́nu tó tún ń jù ú sílẹ̀, ẹ má tíì ra oúnjẹ tuntun kankan. Tí dókítà yín kò bá wo ẹnu, ẹ ní kó wò ó. Tí ẹnu bá mọ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí àìsàn ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín máa ń fara jọ ṣíṣa oúnjẹ jẹ. A tilẹ̀ máa ń rí Yorkie àti Maltese, ìran ajá kékeré mìíràn, tí wọ́n bí pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ kọjá, irú wọn kì í jẹun dáadáa, wọn kì í sì í tóbi.

Ti pípààrọ̀ oúnjẹ, ẹ ti mọ ìyẹn: díẹ̀díẹ̀ ni, láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹran lásán, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Phosphorus pọ̀ nínú ẹran, calcium tó ń mú egungun le kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀, inú egungun ajá fúnra rẹ̀ ni ara yóò sì ti lọ máa fa calcium. Ọmọ ajá tó ń jẹ ẹran nìkan, egungun rẹ̀ lè kán níbi tó ti ń ṣeré. Ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́ náà kò dáa, fítámì A inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ fi fítámì tiyín dí i o! Fítámì D tí kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, òmíràn sì ní xylitol, ohun àdídùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, nínú, ìyẹn ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ máa sè é fúnra rẹ̀ nílé, kí ó wá dókítà ẹranko tó mọ oúnjẹ níṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun lórí fídíò.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ń pè ní oníyàn, ó ti yó ni. Ajá tó kílò 3, tó ti dàgbà, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, nǹkan bíi kálórì 200 sí 250 ló ń ná lójúmọ́. Wàràkàṣì líle gíráàmù 30 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì rẹ̀ lọ. Kí ìpanu má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì òòjọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ sì bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń rọra ju nǹkan sábẹ́ tábìlì tí wọ́n sì ń wojú òrùlé.

Ẹ̀yin tiẹ̀ béèrè bí kò ṣe ní máa ṣa ẹran. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ oníhóró títí yóò fi rọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ mọ́ oúnjẹ inú agolo títí wọn yóò fi di ẹyọ kan, kò ní rí ohun tí yóò ṣà níbẹ̀. Ìgbóná díẹ̀ yẹn tún ń gbé òórùn oúnjẹ jáde. Tí ẹ bá fẹ́ fi omi ẹran rẹ ẹ́, kí ó má ní àlùbọ́sà tàbí aáyù nínú, àti lẹ́búlẹ́bú wọn pẹ̀lú, torí wọ́n ń pa ẹ̀jẹ̀ ajá. Kí ó má sì ní ọ̀rá púpọ̀, pancreas, ẹ̀yà inú tó ń bá wọn da oúnjẹ, ti àwọn ajá kékeré wọ̀nyí kì í gba ọ̀rá. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí ẹ gbé abọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún gbé e padà nígbà tí àkókò bá tó. Gbígbé abọ́ báyìí yàtọ̀ sí fífi ebi pa á. Tó bá sì jẹ́ pé inú agolo nìkan ló ń jẹ, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé oúnjẹ pípé ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníhóró lásán kì í fọ eyín bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń fọ eyín.

Ẹ kò kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ kò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ wọ́n síbí, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ ń fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ jù, ká lè mọ̀ bóyá kò jẹun tó lóòótọ́.